Ọ̀pá Ìdarí Tó Wà Lẹ́yìn Àga

Kì í ṣe àwọn ará àdúgbò ló sọ ọkọ aránṣọ ní Máwẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nígbà tí ara ṣì le. Ó ní dírẹ́bà tó bá ń bojú wẹ̀yìn kì í tètè débi tó ń lọ. Fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Tó bá ti dé ẹnu géètì, á fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti máa sáré bọ̀. Ìbáà jẹ́ pé ó ń wọn oníbàárà lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ pé ọṣẹ wà lójú rẹ̀ ní balùwẹ̀, kó ṣáà ti ṣí géètì kí fèrè tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá yá, Máwẹ̀yìn á fi bọ́ńpà ti géètì wọlé, á wá ní kí ìyàwó jáde wá sọ ibi tó fi etí rẹ̀ sí.

Gbogbo èyí ni aránṣọ mú mọ́ra. Ohun tí kò lè gbé mì ni ti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ. Òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ló jọ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn pé kó tètè máa bọ̀, pé orúkọ rẹ̀ ni ìyá ń pè. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì tún rán an létí. Nígbà tí wọ́n dé ìyànà ilé ìwòsàn, Máwẹ̀yìn kọjá fíìn.

"Ẹ dákun, ẹ yí i padà," ni ìyàwó ń wí. "A ti kọjá ibẹ̀."

Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ dín eré kù. "Ọkọ̀ tó gbé ẹrù kì í padà sẹ́yìn. Tá a bá já ẹrù tán, a máa lọ."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó já ẹrù tán. Wọ́n bá bẹ́ẹ̀dì ìyá lófìfo, wọ́n ti fọ aṣọ orí rẹ̀ sá sórí okùn. Nígbà tí aránṣọ ń sunkún nílé, ọkọ rẹ̀ gbójú sókè láti ìdí oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, "Ká ní o débẹ̀, ṣé ìwọ lo máa jí i?" Ó sì ń jẹun lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nígbà tí tirẹ̀ dé, Máwẹ̀yìn ò rí ẹsẹ̀ tí yóò fi ru igbá. Ó fẹ́ ya ọkọ̀ kan sílẹ̀ ní kọ́nà, ọkọ̀ akẹ́rù náà fò sí kòtò, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ò mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yè, nǹkan kan ò ṣe é, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ló yè jù. Fèrè ti bá ọkọ̀ lọ, ó wá di pé ètè ló fi ń fọn ọ́n. Orí ibùsùn ni yóò wà tí yóò ká ẹnu jọ: "Pííìpù!" Ìyàwó á sáré gbé omi wá. "Pííìpù!" Ó ní kó ṣí fèrèsé. "Pííìpù!" Ó ní kó tì í padà.

Iléeṣẹ́ tó ń bá wakọ̀ ní àwọn yóò ra àga oníbátìrì fún un, àti bọ́ọ̀sì kékeré tí àga náà lè wọ̀. Wọ́n ní kí tọkọtaya lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan báyìí, kí wọ́n yan èyí tó bá bá wọn lára mu. Ọkùnrin méjì ló gbé Máwẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì, ó sì ń bú wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Ọmọbìnrin kan ló ń tajà níbẹ̀, ẹlẹ́rìn-ín ẹnu. Ó lóṣòó síwájú bàbá kí ojú àwọn méjèèjì lè dọ́gba, ó sì fa àga dúdú kan wá. Táyà ńlá méjì wà láàárín rẹ̀, kékeré méjì níwájú, kékeré méjì lẹ́yìn. Ní orí ìgbápálé ọ̀tún ni ọ̀pá kan wà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

"Ọ̀pá ìdarí nìyí, bàbá. Ibi tí ẹ bá tì í sí ni àga ń lọ. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó dúró."

Wọ́n gbé e lé àga náà. Máwẹ̀yìn fi ìka méjì mú ọ̀pá. Àga náà kùn, ó sún síwájú, ó dúró, ó tún sún. Kò pẹ́ tó fi ń gba àárín àwọn àga yòókù kọjá, ó ń yí po, ó ń fi ìbú gba ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí jangirọ́fà. Aránṣọ ń wò ó. Ká sọ tòótọ́, inú tirẹ̀ náà dùn díẹ̀. Èèyàn ò lè bá ẹni sùn kó bá a jí títí kí àánú má ku ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ibi tó ti ń ronú àánú yìí ni àga ti fi ẹ̀yìn rìn, tí táyà sì gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ké.

"Ta ló ní kó o dúró sẹ́yìn mi?" ni Máwẹ̀yìn wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin òǹtajà náà kọ́kọ́ bá a rẹ́rìn-ín, ìgbà tó wo ẹsẹ̀ aránṣọ ló tó pa ẹnu dé.

Wọ́n jáde sí ọgbà tí àwọn bọ́ọ̀sì wà. Ọmọbìnrin náà ṣí àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin pẹlẹbẹ kan yọ jáde bí ahọ́n, ó sì tẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Tí bàbá bá gba ibí wọlé, wọ́n lè jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà." Ẹ̀yìn ni ti èkejì ti ṣí. Ó ní, "Èyí rọrùn láti wọ̀, àmọ́ àárín ẹ̀yìn ni àga máa wà." Ìkẹta ni Máwẹ̀yìn tẹ ojú mọ́. Kò sí ìjókòó nídìí sítíárìn rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń tẹ bíréèkì rẹ̀.

"Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá ti dáa lè kọ́ ọ," ni ọmọbìnrin náà ṣàlàyé. "Oníṣègùn ló máa kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ wò, kó tó sọ irú àga àti irú ọkọ̀ tí a máa fún èèyàn."

Kó tó sọ ọ́ tán, Máwẹ̀yìn ti gun irin náà wọlé, ó ti yí àga rẹ̀ sídìí sítíárìn. Ó fi ọwọ́ pa sítíárìn náà lára bí ẹni pa orí ọmọ. Ó wá tẹ fèrè.

Ẹsẹ̀ aránṣọ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti sáré, táyà tó gun ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì dá a dúró. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, àárín ọgbà ṣọ́ọ̀bù náà ló bá ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú láti ṣí géètì tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà ń wò ó.

Máwẹ̀yìn rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ẹ ò rí i! Ẹ ò rí bó ṣe sá! Mo ti ní eegun rẹ̀ ò lè gbàgbé!"

Aránṣọ rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹyọ àánú tó kù kú síbẹ̀. Ó padà wá, ó dúró ti ọmọbìnrin òǹtajà náà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣeé gbára lé ńkọ́? Irú àga wo lẹ máa ń fún un?"

"A máa ń gbé ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn àga ni, mà. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò máa wà á."

"Mo gbọ́," ni aránṣọ wí.

Oníṣègùn iṣan wá sílé wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá. Obìnrin kan ni, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé, ó sì tún ní ilé míì tó ń lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé oògùn tí Máwẹ̀yìn ń lò lálẹ́, èyí tó ń dẹ iṣan rẹ̀ kó lè sùn, ti wà nínú tíì tó mu láàárọ̀. Aránṣọ ló gún un, òun ló rò ó pọ̀ pẹ̀lú ṣúgà, òun náà ló dúró tì í títí tíì fi tán nínú kọ́ọ̀bù.

Oníṣègùn to ike ọ̀dà sí àgbàlá, ó ní kí bàbá fi àga tí wọ́n yá wá gba àárín wọn kọjá. Máwẹ̀yìn mú ọ̀pá. Ó gbá ike kìíní. Ó gbá ìkejì, ó wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀, ó sì lọ fi imú àga gún ògiri. Orí rẹ̀ ń yẹ̀ bí ti ẹni tó ń tòògbé lórí ìjókòó. Ó ń sapá láti gbé ojú sókè, ìpéǹpéjú ò gbà.

"Ṣé bí ọwọ́ wọn ṣe máa ń ṣe nìyí, mà?" ni oníṣègùn bi ìyàwó.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta."

"Irọ́," ni Máwẹ̀yìn wí. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Irọ́ ló ń… Kí lo… kí lo fi sí tíì mi?"

"Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀?" Aránṣọ fa gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó fi etí gèlè náà nu itọ́ tó ń ṣàn lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ó nu ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó fi jẹ́ pé ojú oníṣègùn náà rọ̀. Ó ní ọkọ yìí ṣoríire ìyàwó. Ó sì kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé ọ̀pá sẹ́yìn, pé kí wọ́n má sì fún un ní ọkọ̀ tí yóò fúnra rẹ̀ wà.

Bọ́ọ̀sì tó ṣí lẹ́yìn ni aránṣọ yàn. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n wà kíá, torí ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ darí ẹ̀rọ ìránṣọ láti kékeré kì í fi ẹsẹ̀ lásán tẹ nǹkan.

Lọ́jọ́ tí àga dé, Máwẹ̀yìn jókòó sínú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí apá ọ̀tún, ó bá a lófìfo. Ó wá ká ẹnu jọ: "Pííìpù!"

Aránṣọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Dákẹ́."

"Ta lò ń bá wí?"

"Ìwọ ni. Àbí a tún pọ̀ níbí ni?"

Látìgbà tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, "ẹ" ló ń bá a sọ. Ó fi "ẹ" kí i, ó fi "ẹ" bẹ̀ ẹ́, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n kọjá ìyànà ilé ìwòsàn, "ẹ dákun" ló wí. "Ìwọ" tó gbọ́ yìí ba Máwẹ̀yìn ju kòtò tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣubú sí lọ. Ó fẹ́ yí ojú padà wò ó, ọrùn ò gbà á dé ibẹ̀. Aránṣọ fi ìka kan ti ọ̀pá, àga sì gbé e lọ síwájú ògiri, ó fi í síbẹ̀, ó pa iná rẹ̀, ó lọ ránṣọ.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó dùn mọ́ ọn. Tí oníbàárà bá dé, á yí ojú ọkọ rẹ̀ sí ògiri kí àwọn lè ráyè sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ gbafẹ́ fúnra rẹ̀, á gbé e lọ sí gáréèjì tí àwọn dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ẹ̀yìn ni àga ti ń jáde nínú bọ́ọ̀sì náà, nítorí náà ìpàkọ́ Máwẹ̀yìn làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rí. Aránṣọ á wá yí i po lójú wọn, bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà. "Ẹ kí ọ̀gá yín o." Àwọn ọkùnrin náà á wo ilẹ̀. Ọ̀kan á rántí pé táyà òun ń jò, òmíì á ní ìyàwó òun ń pe òun.

Nígbà kan tí wọ́n ń padà bọ̀, ohùn Máwẹ̀yìn wá láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kéré. "Má gbé mi lọ síbẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́."

"Sọ pé ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí.

Aránṣọ tún gbé e lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Báyìí ni wọ́n wà nígbà tí ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣe tíṣà ní ìlú míì, wá kí wọn nígbà ìsinmi. Ó bá bàbá rẹ̀ níwájú ògiri. Bàbá ti tú rédíò sórí itan, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún mú àwọn síkúrúù bíńtín tí kò tó orí kókóró, ó ń fi wọ́n sí ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kankan ò sì bọ́. Ọmọ dúró, ó wo ọwọ́ náà títí. Ó wá lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

"Màmá, ta ló ní ọwọ́ bàbá mi ò dáa?"

Aránṣọ ò gbé ojú kúrò lára aṣọ. "Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ṣé o rántí ọjọ́ tí ìyá mi kú?"

"Mo rántí. Àárín yín ni mo jókòó sí nínú ọkọ̀." Ọmọ náà fara ti ilẹ̀kùn. "Mo sì gbọ́ bí ẹ ṣe ń bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ màmá, bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà yẹn ju ẹrù wọn lọ. Ẹ̀yin mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ jókòó, ẹ gún oògùn, ẹ fi ṣúgà sí i. Ṣé ẹ̀yin tí mo mọ̀ náà ni mo bá nílé yìí?"

Aránṣọ mọ̀ nígbà náà pé ọkọ òun ti rojọ́ fún ọmọ náà. Kò jiyàn. Ọmọ náà pe oníṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù wá, ó sọ fún un pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe, kó gbé ọ̀pá padà síwájú. Ọkùnrin náà tú u, ó dè é mọ́ ìgbápálé ọ̀tún, ó dán an wò, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ó yá."

Máwẹ̀yìn ò fọwọ́ kàn án. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan.

"Bàbá, tiyín ni," ni ọmọ wí. "Ẹ wà á."

"Kó dá a padà sẹ́yìn."

"Kí lẹ wí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí ọmọ náà ti mọ̀ láti kékeré. "Bi ìyá rẹ bóyá ó ráyè ránṣọ lóṣù yìí. Bi í ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Èmi ni ó ń tì sókè, tó ń tì sísàlẹ̀, tó ń gbé kiri bí ẹrù. Tí mo bá gba ọ̀pá yìí, ó bọ́ nìyẹn. Ta ni mo fẹ́ kó máa gbafẹ́? Ẹ dá a padà. Kó máa wà mí títí tí yóò fi darúgbó."

Aránṣọ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó wo àpò aṣọ tí kò tíì fọwọ́ kàn nínú yàrá ìránṣọ rẹ̀, ó rí eruku lórí wọn. Òótọ́ ni ọ̀tá ń sọ yìí.

Ọmọ wọn kó báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tiẹ̀ jókòó jẹun. Ó dúró láàárín ìyá àti bàbá, ó ní, "Ẹ tó ara yín," ó sì lọ.

Oníṣẹ́ náà dúró pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. "Màmá, kí ni kí n ṣe?"

"Fi í síbẹ̀ níwájú. Máa lọ ilé rẹ."

Ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó wọ yàrá ìránṣọ, ó tẹ́ aṣọ funfun kan sílẹ̀. Kọ́tìnì ni oníbàárà fẹ́ fi ṣe, ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nínú àgbàlá, Máwẹ̀yìn fọn fèrè ẹnu. Aránṣọ ń gé aṣọ. Ó tún fọn ọ́n. Oòrùn ti yí dé ibi tó jókòó sí, aránṣọ mọ̀, ó sì ń gé aṣọ. Ọkùnrin náà bú u. Ó bú ìyá rẹ̀ tó ti kú. Nígbà tó yá, kò bú ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń pe "Omi, omi," ohùn rẹ̀ sì ti há. Aránṣọ dá ọwọ́ dúró, ó tẹ́tí, ó wá ń gé aṣọ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gbọ́ tí àga kùn. Ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún kùn. Ó gba ojú àgbàlá níbi tí omi fìfọ̀ ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ó gun òkìtì ẹnu ọ̀nà, ó wọlé. Máwẹ̀yìn kò lọ síbi omi. Ó wa àga rẹ̀ gun orí aṣọ funfun náà gbọọrọ, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì dúró sí àárín rẹ̀. Ẹrẹ̀ fa ìlà dúdú tẹ̀ lé e. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Aránṣọ gé aṣọ náà dé etí táyà, ó yí àga náà po, ó gé ibi tó mọ́ kúrò lára ibi tó ti bàjẹ́, ó ká èyí tó mọ́ mọ́ra. Ó fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ rẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn. Máwẹ̀yìn ń wa ara rẹ̀ kiri ilé, ó ń bu omi rẹ̀ mu. Tí ọjọ́ ilé ìwòsàn bá pé, aránṣọ á ṣí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ọkùnrin náà á wọlé, wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, wọn ò ní sọ gbólóhùn kan. Àwọn oníbàárà ti ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Ọmọ wọn ò wá mọ́, àmọ́ ó ń pè wọ́n lórí fóònù, ó ń pe oníkálukú lọ́tọ̀. Tó bá bi ìyá rẹ̀ pé báwo ni bàbá, aránṣọ á ní, "Ó wà ńbẹ̀." Tó bá bi bàbá rẹ̀ pé báwo ni màmá, Máwẹ̀yìn á ní, "Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀."